Àdúrà tí Dympna Geraghty Kò Jẹ́ Kó Parí

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín pé ọ̀gágun kan ló dá ìbọn dúró ní òpópó wa ní Dublin, nílẹ̀ Ireland, nígbà ogun abẹ́lé, lóṣù keje ọdún 1922. Dympna Geraghty ni, opó tó ń ta ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ bíbọ̀. Ọdún méjì péré ni mo fi lọ sílé ìwé, ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí, ọ̀jọ̀gbọ́n kankan ò lè jà mí níyàn.

Kò sẹ́ni tí àdúrà rẹ̀ gùn tó ti Dympna. Bí Rosárì, àdúrà ìlẹ̀kẹ̀ àwa Kátólíìkì, bá parí nílé rẹ̀, ìgbà náà ni àfikún ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀: fún òkú, fún alààyè, fún màlúù àna rẹ̀ tí kò fún wàrà mọ́.

Lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọ ogun ìjọba wà lórí òrùlé ilé ọtí. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó lòdì sí àdéhùn tí ìjọba bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe wà nínú ilé ìtajà bàtà lódìkejì. Àwọn tí ọ̀rọ̀ ò kàn ni ọta ń bà: wọ́n ti pa ìyá kan tó lọ ra búrẹ́dì láàárọ̀. Lọ́sàn-án, Lar Cummiskey tó ń ta èédú jáde lọ wá tábà. Ọta bà á nítan, ó ṣubú sáàárín títì.

"Ẹ gbà mí o! Ẹ̀jẹ̀ mi ń tán lọ!"

Èmi tí mo dá gbé dùùrù gun àjà kẹta rí, mo ṣì ń ronú lọ́wọ́ nínú yàrá Dympna.

Dympna ṣí fèrèsé, ó kúnlẹ̀, ó ké Rosárì bí ẹni ń polówó ọjà. Kátólíìkì ni ìhà méjèèjì, ohun tí ìyá wọn sì ti kọ́ wọn láti kékeré nìyẹn! Òrùlé dáhùn, ilé bàtà dáhùn, wọ́n ṣí fìlà, ìbọn dákẹ́.

Ó yíjú sí mi. "Ìwọ abara-bí-ògiri yìí, ṣé èmi ni n óò tún lọ gbé e ni?"

Mo sáré jáde. Lar wúwo ju àpò èédú mẹ́wàá lọ. A ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí Rosárì fi parí. Mo gbọ́ tí wọ́n tún ń ki ìbọn lókè.

"Àfikún ló kù o!" ni Dympna pariwo. "Fún àbúrò mi Attracta, tí orúnkún ń dùn!"

Ohùn kan wá láti òrùlé: "Màmá, ẹ bá mi fi ìyá mi ní Mullingar kún un."

Ilé bàtà fèsì: "Tiwọn nìkan ṣá! Ẹyẹ ló bí àwa ni?"

"Ẹ má jà, ó máa kárí. Kí lorúkọ ìyá ẹ?"

Lar ń kérora: "Màmá, ẹ má ṣe ka tèmi mọ́ ti àwọn òkú o."

"Ìyẹn dọwọ́ ẹni tó ń fà ẹ́!"

Ó gbàdúrà fún ìyá mọ́kànlélógún, títí tó fi kan ológbò ẹnì kan. Nígbà tí bàtà Lar wọ ẹnu ọ̀nà tán, ó ní, "Àmín," ó sì nà gbalaja sílẹ̀. Ìbọn tún dún, fèrèsé rẹ̀ sì fọ́ yángá.

Lar yè é. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bó bá bá Dympna pàdé, kì í bi í pé ṣé àlàáfíà ni. Ó ní ìyá náà lè dá òun lóhùn tán pátá, tòun ti àfikún.