Àdúrà Tí Mo Fi Ń Bá Ará Ilé Mi Wí

Ẹni tó bá ń gbàdúrà, a kì í dá a lóhùn, àfi ká ṣe àmín. Mi ò rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí àǹfààní tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti rí i ni mi ò ti jẹ́ kó sinmi. Nílé wa ní Ìkirè, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán la ti máa ń kúnlẹ̀ sí pálọ̀: èmi, ìyàwó mi, ọmọbìnrin wa tó wà ní ìwé mẹ́fà, àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó máa ń sùn lórí ìkúnlẹ̀. Èmi ni bàbá, èmi ni mò ń darí. A ó kọrin kan, a ó ka Bíbélì, mà á sì bẹ̀rẹ̀.

Ìyàwó mi ń dín dódò Ìkirè tà, àwọn tó ń gba títì márosẹ̀ kọjá ló sì máa ń rà á jù. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù ni wọ́n fi ń ṣe é, èèpo rẹ̀ kì í sì í tán nílẹ̀ nílé wa. Nígbà tí mo ṣì ń sọ ọ́ lójú ìyàwó mi, á ní kí n ra garawa ìdalẹ̀nù tí mo ti ṣèlérí wá. Nítorí náà mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sórí ìkúnlẹ̀. Mà á dijú, mà á gbé ohùn sókè, mà á ní, "Olúwa, dáàbò bò wá lọ́wọ́ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí àwọn kan ń dà sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, kí ẹsẹ̀ olórí ilé má baà yọ̀." Ìyàwó mi á ṣe àmín. Kí ló tún fẹ́ ṣe? Bí mo bá sì ti rántí àwọn ọmọ, mà á ní kí Ọlọ́run lé ẹ̀mí tí kì í jẹ́ kí wọ́n fọ àwo alẹ́ jìnnà réré. Àwọn náà á ṣe àmín, èyí tó rí bí ìgbà tí èèyàn ń gbé ewúro mì.

Ọlọ́gbọ́n ni mo pe ara mi. Bàbá Àlàájì tó ń gbé ilé tó kángun sí tiwa máa ń gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé wa kọjá bí wọ́n bá ti kírun àárọ̀ bọ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n dá mi dúró lẹ́nu géètì, wọ́n béèrè bóyá ẹsẹ̀ mi ò tíì ṣèṣe. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ ọ̀rọ̀ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn látìta, àwọn sì ti bá mi ṣe àmín sí i. Ó yẹ kí ojú tì mí. Èmi ń rò ó lọ́kàn pé àdúrà mi lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí Mùsùlùmí fi ń ṣe àmín sí i.

Bó bá di orí ọpẹ́, ara mi náà ló máa ń pọ̀ jù níbẹ̀. Mà á dúpẹ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi yege, pé wọ́n fi mí sí ipò nínú ẹgbẹ́ aláàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé Ọlọ́run fún ilé yìí ní olórí tó mọ nǹkan tó ń ṣe. Ìgbà tí mo bá fi parí, ilẹ̀ ti mọ́. Mà á wá sọ fún ìyàwó mi pé kó ṣe tiẹ̀ ní ṣókí, a ti pẹ́. Obìnrin náà á ní, "Bàbá, a dúpẹ́. Lórúkọ Jésù." Ó pẹ́ tí mo ti gbà pé kò lẹ́bùn àdúrà. Mo tiẹ̀ ti gbà á nímọ̀ràn pé kó máa bá wa wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ aláàdúrà, bóyá ohùn rẹ̀ á là.

Ohùn tèmi ló kọ́kọ́ há. Ilé ìwé girama kan ní Àpòmù ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Lọ́jọ́ tí a ṣe ìdíje eré ìdárayá, jẹnẹrétọ̀ kú, ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì dákẹ́. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí níṣẹ́, mo gun orí tábìlì, mo sì ń fi ẹnu lásán pe gbogbo eré láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dópin. Àwọn ọmọ ń pàtẹ́wọ́ fún mi, àtẹ́wọ́ yẹn ló sì pa mí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo kúnlẹ̀, mo dijú, mo la ẹnu, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde bíi ti táyà tó jò. Obìnrin tó ni kẹ́míìsì ládùúgbò wa fún mi lóògùn, ó ní n kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kódà kí n má sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

Bí àdúrà ṣe bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó kù nìyẹn. Ọmọbìnrin wa kọ́kọ́ gba tiẹ̀, ó gbà á dáadáa. Ó kan àbúrò rẹ̀, tí kò sùn lọ́jọ́ náà nítorí pé ilé dákẹ́ jù fún un. Ó ní, "Ọlọ́run, a dúpẹ́ pé ohùn Dádì lọ. Jẹ́ kó padà, ṣùgbọ́n kó má padà tán."

Àmín tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí fèrèsé. Mo lajú, mo rí i tí èjìká ìyàwó mi ń gbọ̀n. Òfin tí mo fọwọ́ ara mi ṣe ti dè mí mọ́lẹ̀: ẹni tó ń gbàdúrà, a kì í dá a lóhùn.

Ó wá kan ìyàwó mi. Kò yára rárá. Ó dúpẹ́ pé epo gbígbóná kò ta sí ẹnikẹ́ni lára ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Ó dúpẹ́ lórí ibà tó fi ọmọ sílẹ̀, lórí àwọn èrò ọkọ̀ tó ra ọjà. Ó dúpẹ́ nítorí èmi náà, pé mo fi ohùn mi jìn fún ọmọ ọlọ́mọ, èyí sì jẹ́ kí ojú tì mí díẹ̀. Lẹ́yìn náà, láìyí ohùn padà, ó ní, "Mo dúpẹ́ lórí kókó tó so sí mi lọ́mú, tí dókítà ní kì í ṣe nǹkan burúkú. O ṣeun tí O fún màámi lókun láti tẹ̀ lé mi lọ. O ṣeun tí ẹ̀rù ti kúrò lójú oorun mi." Ó sì bọ́ sórí ìdánwò àwọn ọmọ.

Mi ò gbọ́ ìyókù. Kókó wo? Dókítà wo? Bí a ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán tí àwọn ọmọ lọ wẹ̀, mo tẹ̀ lé e wọ ilé ìdáná, mo la ọwọ́ méjèèjì síwájú rẹ̀ bí ẹni tó ń tọrọ nǹkan. Ó ní nígbà tí òun ń wẹ̀ lòun fọwọ́ kàn án. Ìyá rẹ̀ tó ń gbé ní Àpòmù ló sin ín lọ sí ilé ìwòsàn n'Íbàdàn. Wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò, èsì sì ti jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kò sí ewu. Mo fi ojú béèrè ìgbà tí gbogbo èyí ṣẹlẹ̀.

Ó ní, "Mo sọ fún yín pé èmi àti màámi ń lọ s'Íbàdàn. Ẹ ní kí n bá yín ra ìpara bàtà bọ̀."

Òótọ́ ni. Ó rà á bọ̀. Mo ti fi kun bàtà.

Mo ṣí ẹnu láti béèrè ìdí tí kò fi sọ ọ́ fún mi. Ó mọ ohun tí mo fẹ́ wí. Ó ní ibi àdúrà àárọ̀ lòun fẹ́ gbé e wá, kí àwa méjèèjì jọ gbé e síwájú Ọlọ́run. "Àárọ̀ tí mo múra tán láti sọ ọ́, orí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ wà. Nígbà tẹ́ ẹ máa ṣe tán, ẹ ní kí n ṣe é ní ṣókí."

Kò bínú. Ó ń yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú epo bó ti ń sọ ọ́. Ká ní ó bínú ni, ǹ bá rí nǹkan dì mú. Ká sì ní ohùn mi wà níbẹ̀ ni, mo mọ ara mi, mà á ti ṣàlàyé títí ẹ̀bi á fi kúrò lọ́rùn mi. Mo kàn dúró síbẹ̀ ni, èéfín ń wọ̀ mí lójú, mi ò sì kúrò.

Nígbà tí ilé ìwé parí lọ́jọ́ náà, mo rò pé ó yẹ kí n lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá ìyàwó mi. Ilé wọn kò jìnnà sí ilé ìwé wa, síbẹ̀ ọdún Kérésì ni mo ti débẹ̀ kẹ́yìn. Mo bá wọn níta, wọ́n ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí sínú àtẹ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìgbà náà ni mo rántí pé mi ò lóhùn.

Wọ́n wò mí. Àna wọn ni, kì í wá, ó wá lójijì, ó dọ̀bálẹ̀, kò sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Àtẹ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, "Kí ló ṣe ọmọ mi?"

Mo mi orí pé kò sí nǹkan. Mi ò rò ó pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹni tí ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀ ṣe ń mi orí. Wọ́n ká ọwọ́ lérí, wọ́n ń pe Jésù. Obìnrin kan sáré jáde láti ilé kejì pẹ̀lú ife omi. Mo fọwọ́ fún ọ̀fun ara mi kí wọ́n lè mọ̀ pé ohùn mi ló lọ. Obìnrin náà ju ife sílẹ̀, ó ní wọ́n ti fún un lọ́rùn pa. Ọlọ́run ló ní kí fóònù mi ní káàdì. Mo pe ìyàwó mi, mo na fóònù sí ìyá rẹ̀, ọmọ sì kí ìyá rẹ̀ pé ẹ kú ọ̀sán, bóyá ẹ̀gúsí ti tó dì wá fún òun.

Màámi jókòó sórí ẹ̀gúsí tó dà sílẹ̀. Nígbà tí ọmọ wọn ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ohùn mi tán, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú wọn, obìnrin ilé kejì sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo ṣì wà ní ìdọ̀bálẹ̀. Kò tíì sẹ́ni tó rántí láti ní kí n dìde.

Wọ́n fún mi ní orógbó àti oyin. Mo fẹ́ fọwọ́ ṣàpèjúwe ohun tó gbé mi wá, ṣùgbọ́n ibo ni àna á nawọ́ sí? Wọ́n gbà mí sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ó ti sọ fún yín nìyẹn. Ọkọ wa, ẹ má rò pé ọmọ mi fẹ́ fi pamọ́ fún yín. Ẹ̀yin náà lẹ kì í dákẹ́."

Wọ́n kúnlẹ̀, mo kúnlẹ̀ tì wọ́n. Wọ́n ní, "Olúwa, ohun tá a bẹ̀rù kọ́ lo jẹ́ ká rí. O ṣé." Mo dijú, mo ń retí ìyókù. Nígbà tó pẹ́ tí mi ò gbọ́ nǹkan kan, mo yọjú wò. Màámi ti padà sídìí ẹ̀gúsí wọn.

Ohùn mi padà kó tó di ọjọ́ Ìsinmi tí ìyàwó mi fi ṣe ìdúpẹ́. A jó lọ síwájú pẹpẹ, pásítọ̀ sì na gbohùngbohùn sí mi gẹ́gẹ́ bí olórí ilé. Mo ti to ọ̀rọ̀ jọ sínú láti bí ọjọ́ mélòó kan. Ẹsẹ Bíbélì wà níbẹ̀, orin wà níbẹ̀. Mo gbà á, mo dì í mú fúngbà díẹ̀, ọwọ́ mi kò tètè fẹ́ gbé e sílẹ̀. Mo wá gbé e fún un. Ó sọ tiẹ̀ fún gbogbo ìjọ, láìfi kókó náà pamọ́, ó sì rọ àwọn obìnrin pé kí wọ́n máa yẹ ara wọn wò. Ọ̀pọ̀ wọn sunkún.

Lẹ́yìn ìsìn, alàgbà kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ìrẹ̀lẹ̀ mi wú òun lórí, pé ọkùnrin díẹ̀ ló lè gbé gbohùngbohùn fún ìyàwó. Mo ní kó fi ògo fún Ọlọ́run. Inú mi sì dùn gan-an. Ìyàwó mi dúró lẹ́yìn mi, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní kí n bá òun gbé ọmọkùnrin wa, ó ti sùn lọ sórí bẹ́ǹṣì.