Ìyá Sáfù Ni Mo Tẹ̀, Fóònù Ní Bàṣírù Ni

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́bí, ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí nígbà tí kooperatífù wa dìbò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o!

Èmi Folúkẹ́, epo pupa ni mò ń ṣe ní Ifangni. Àwa elépo tá a wà nínú kooperatífù náà pọ̀: àwọn kan wà ní Banigbé, àwọn kan wà ní Tchaada, àwọn mìíràn sì ti kó lọ sí Cotonou. Ìdí nìyẹn tí ìgbìmọ̀ ìbò fi ní kí kálukú dìbò lórí fóònù rẹ̀. Ẹni méjì ló ń du ipò ààrẹ. Ìyá Sáfù ní kí ẹ̀rọ tá a fi ń fún epo dúró sí Ifangni níbi tó wà. Ọ̀gbẹ́ni Bàṣírù ní Tchaada ló yẹ kó lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀yìn ilé mi gan-an ni ẹ̀rọ yẹn wà! Ta lẹ rò pé mo máa dìbò fún?

Mo tẹ líǹkì tí mo rí ní gúrúùpù Wọ́sáàpù wa, mo tẹ kọ́òdù tí ìgbìmọ̀ fún mi, mo yan Ìyá Sáfù. Voilà, ó parí! Àmì onígun mẹ́rin kan wá yọ lójú fóònù. Ìgbìmọ̀ ti sọ fún wa pé ká fi kámẹ́rà fóònù mìíràn ya àmì yẹn, pé á fi ẹni tí ìbò wa bọ́ sí hàn wá. Àmọ́ ta ló ráyè ìyẹn? Faransé ni wọ́n fi kọ gbogbo àlàyé ẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré bí ẹyin èèrà. Ọ̀pọ̀ wa ló pa á tì.

Èmi kọ́! Èmi tó jẹ́ pé tí mo bá ti ilẹ̀kùn tán, mo ṣì máa fọwọ́ tì í wò.

Mo yá fóònù ọkọ mi. Ó ń fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé mi ò mọ ẹni tí mo dìbò fún ni? Oòrùn ò jẹ́ kí kámẹ́rà rí àmì náà kà. Mo wọlé, mo tún un yà. Orúkọ wo ló yọ? Bàṣírù!

Mo ní bóyá ọwọ́ mi ló ṣì í tẹ̀. Wọ́n gbà wá láyè láti tún ìbò dì kí àkókò tó pé, èyí tá a bá dì kẹ́yìn ni wọ́n máa kà. Mo tún un dì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Bàṣírù! Ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo pe alága ìgbìmọ̀ ìbò, Ọ̀gá Tìámíyù, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Banigbé. Ó ní kí n má bínú, pé èèyàn máa ń ṣi bọ́tìnnì tẹ̀. Ṣi bọ́tìnnì tẹ̀ kẹ̀! Mo gun ọ̀kadà, ó di Banigbé.

"Ẹ kú ilé o, Ọ̀gá. Ojú yín ni màá ti dì í."

"Ìyàwó wa, àṣírí mà ni ìbò."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ kàn wò ó ni, màá tún un dì tó bá yá."

Mo tẹ Ìyá Sáfù lójú ẹ̀. Ó fi fóònù tiẹ̀ ya àmì náà. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. "Ah bon, bó ṣe rí nìyí," ló sọ. Ó ní kí n fi líǹkì tí mo tẹ̀ han òun, òun ló sì rí i pé kì í ṣe tiwọn! Ó jọ tiwọn bí ìbejì, lẹ́tà kan ṣoṣo ló fi lé. Ẹnì kan ló ṣe ayédèrú, tó ń gba kọ́òdù wa, tó ń fi í dìbò fún ẹni tó wù ú. Àmì yẹn nìkan ni apá ẹ̀ ò ká, torí ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ló ti ń wá.

Lójú ẹsẹ̀, Ọ̀gá Tìámíyù fi ohùn ránṣẹ́ sí gbogbo wa ní Yorùbá: líǹkì tòótọ́ rèé, ẹ tún ìbò dì, ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n fún kálukú ní kọ́òdù tuntun, wọ́n sì fi ọjọ́ kún ọjọ́ ìbò. Àwọn obìnrin àdúgbò ya bo ilé mi, wọ́n ń yá ara wọn ní fóònù. Bí ẹnì kan bá ń ya tiẹ̀, a ó kọ ẹ̀yìn sí i, kí àṣírí ìbò rẹ̀ má bàa tú.

Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn kan ti ń pe Bàṣírù lólè? Ó wá fúnra rẹ̀, ó búra pé òun ò rán ẹnikẹ́ni, ó ní kí kálukú yẹ ìbò rẹ̀ wò dáadáa. Títí dòní, a ò mọ ẹni tó ṣe é.

Ta ló wá wọlé? Bàṣírù náà ni! Tòótọ́tòótọ́! Wọ́n gbé ẹ̀rọ lọ sí Tchaada, mo sì sunkún. Àmọ́ nígbà tí mo lọ kí i kú oríire, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní: "Folúkẹ́, ká ní o ò pariwo ni, olè ni wọn ì bá máa pè mí títí ayé."

Ohun tí mo kọ́ rèé: ẹni tó yẹ ìbò rẹ̀ wò kò ṣe é fún ẹni tó fẹ́ kó wọlé nìkan. Kó wọlé, kó má wọlé, ọkàn wa á balẹ̀. Ẹ̀yin tó ń ṣètò ìbò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àyẹ̀wò yẹn rọrùn, kó sì sọ èdè wa!

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé ẹ ti dìbò lórí fóònù rí? Ṣé ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, àbí ẹ kàn tẹ̀ ẹ́ lẹ bá tiyín lọ? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mò ń kà á.