Ọjọ́ Tí Mo Lọ Yan Áńpù Béèsì ní Adigbẹ

Òórùn òjé tí wọ́n ń yọ́ ló kọ́kọ́ máa ń wá sí mi nímú tí mo bá rántí ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ó dà pọ̀ mọ́ òórùn páálí tuntun àti ti awọ dúdú tí wọ́n fi ń bo àpótí sípíkà, irú òórùn tó máa ń wà nínú bàtà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà fún ọmọdé nígbà Kérésìmesì. Ẹ̀gbẹ́ títì ni ṣọ́ọ̀bù náà wà ní Adigbẹ. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì gùn wọnú bí ọ̀dẹ̀dẹ̀, gìtá wà lára ògiri lápá ọ̀tún, àpótí sípíkà to ara wọn lé lórí lápá òsì. Ó tó oṣù mẹ́ta tí mo fi ń kọjá níwájú rẹ̀ kí n tó lè wọlé. Mi ò ní purọ́ fún ọ, ọ̀rẹ́ mi: ìtìjú ni, kì í ṣe nǹkan mìíràn.

Ìwọ náà kúkú mọ̀ mí, láti kékeré ni mo ti máa ń sá sẹ́yìn ìyá mi tí àlejò bá dé. Kíláàsì kẹta ní girama ni mo kà dé tí bàbá mi fi kú, láti ibẹ̀ ni mo ti bọ́ sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Iṣẹ́ náà bá mi lára mu, torí aṣọ kì í bi èèyàn ní ìbéèrè. Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọ̀gá akọrin, bàbá kan tó ti ṣe tíṣà fẹ̀yìn tì, ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń fi ìka kan tọ́ okùn gìtá béèsì wò. Ẹni tó ń ta gìtá náà tẹ́lẹ̀ ti kó lọ sí Èkó. Bàbá náà ò bá mi wí. Ó ní, "Okùn mẹ́rin péré ni. Ẹni tó lè fi òwú sójú abẹ́rẹ́, èyí ò lè ṣòro fún un." Ó sì ní kí n máa gbé gìtá náà lọ sílé. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo fẹ́ràn béèsì torí pé ẹni tó ń ta á kì í wà níwájú. Ẹ̀gbẹ́ onílù ló máa ń dúró sí, yóò máa gbé orin ró láti ìsàlẹ̀, ojú gbogbo èèyàn á sì wà lára ẹni tó ń kọrin.

Àmọ́ gìtá béèsì kì í dá dún. Bí kò bá sí áńpù, ìyẹn àpótí oníná tó máa ń gbé ohùn rẹ̀ jáde, bí ẹ̀fọn lásán ló máa ń ṣe. Ti ṣọ́ọ̀ṣì wà, ṣùgbọ́n Sunday nìkan ni wọ́n máa ń gbé e jáde nínú yàrá àlùfáà. Ọgbọ́n tí mo wá dá nílé ni pé mo máa ń fi orí gìtá náà ti ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù mi, kí n sì fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé igi wọ́dúróòbù náà. Igi náà máa ń gbé ohùn wọ inú egungun mi. Ìyá onílé wa, Àlájà kan tó ti pẹ́ nídìí òwò àdìrẹ, wà ní yàrá kejì. Yóò kan ògiri, yóò ní, "Ta ló ń kùn bí oyin nínú ilé mi yìí?" Èmi á sì dákẹ́ wẹ́lo.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ kan ni sístà kan wá bá mi. Nọ́ọ̀sì ni, òun sì ni aṣáájú ẹgbẹ́ obìnrin mẹ́rin kan tó ń lọ kọrin níbi ìkórè káàkiri ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ẹni tó ń ta béèsì fún wọn ti bá ọkọ lọ sí Ìbàdàn. Ó ní, "Ìkórè kan ń bọ̀ ní Owódé, ìta gbangba ni. Sípíkà tí wọ́n ní níbẹ̀, ti ọ̀rọ̀ ẹnu ni, kò lè gbé béèsì. Tó o bá lè gbé áńpù tìẹ dání, ìwọ ni onígìtá wa láti ọjọ́ náà lọ. Tí kò bá sí, a máa pe bọ̀dá tó wà ní Kọ́bapẹ́ nìyẹn. Òun ní tiẹ̀." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà, bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ló sọ. Ṣùgbọ́n mi ò rò pé ohun kankan wà tí mo tíì fẹ́ tó àyè yẹn rí láyé mi.

Bí mo ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Oníṣọ́ọ̀bù ń jó wáyà lórí tábìlì, ọkùnrin mẹ́ta sì jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń jiyàn bọ́ọ̀lù. Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo sọ fún oníṣọ́ọ̀bù pé áńpù béèsì ni mo wá rà.

"Àǹtí, ẹ káàbọ̀ o. Ṣé ọkọ yín lẹ fẹ́ rà á fún ni, àbí ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Èmi ni." Ohùn mi kéré débi pé ó ní kí n tún un sọ.

Ọ̀kan nínú àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì pàtẹ́wọ́. "Ó lóun ni! Ìyàwó béèsì! Ó yá, ẹ jókòó, ẹ ta á ká gbọ́."

Oníṣọ́ọ̀bù fi áńpù mẹ́ta hàn mí. Kọ́ńbò ni gbogbo wọn, ìyẹn èyí tí ẹ̀rọ àti sípíkà jọ wà nínú àpótí kan. Àkọ́kọ́ kò ju páálí bísíkíìtì lọ. Ìkejì tó àpótí tí wọ́n fi ń dé orí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìkẹta ga dé ìbàdí mi. Ó na gìtá sí mi, ṣùgbọ́n mi ò gbà á. Mo wo àwọn ọkùnrin yẹn, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ta á."

Oníṣọ́ọ̀bù gbé èyí tó kéré jù sí kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù lọ́hùn-ún, níbi tí ògiri méjì ti pàdé, ó sì ta á. Ọ̀rẹ́ mi, gíláàsì ojú fèrèsé ń gbọ̀n! Ó ní, "Ẹ má wo kékeré rẹ̀ o. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ." Èmi aránṣọ, wọ́n wá fi abẹ́rẹ́ pòwe fún mi, kí ni mo tún fẹ́ sọ? Ṣùgbọ́n òótọ́ tó wà nínú mi ni pé kékeré tó kéré yẹn gan-an ni mo fẹ́. Ó ṣeé tọ́jú sábẹ́ tábìlì. Mo rò pé ẹni tó bá ta èyí, kò sẹ́ni tó máa wo ojú rẹ̀.

Àṣà oníṣọ́ọ̀bù náà ni pé tí ẹnì kan tóun mọ̀ bá dúró fún ọ, wàá san díẹ̀ nínú owó, wàá sì gbé ọjà lọ dán wò. Mo dárúkọ ọ̀gá akọrin, ó pè é lórí fóònù, ó ní kò burú. "Tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gbé e padà wá kó tó di ọ̀sán Sátidé, a máa pààrọ̀ rẹ̀."

Inú mi dùn títí di Tọ́sìdeè. Áńpù náà ní ihò tí wọ́n ń ki íàpíìsì bọ̀, nítorí náà mo ta gìtá nílé láìdí Àlájà lọ́wọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ìka ara mi dáadáa, títí kan ibi tó ti ń ṣì í. Ọjọ́ Tọ́sìdeè wá dé, ọ̀gá akọrin ní kí n gbé e wá sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, kí èmi àti onílù jọ dán an wò.

Ó ní, "Ẹ̀yin ẹ máa lù ú. Èmi á máa rìn lọ. Ibi tí mi ò bá ti gbọ́ béèsì mọ́, màá nawọ́ sókè."

A bẹ̀rẹ̀. Ó kẹ́yìn sí wa, ó ń rìn jẹ́jẹ́ lọ sọ́nà kànga. Kò tíì dé ìdí kànga tí ọwọ́ rẹ̀ fi lọ sókè. Mo yí ohùn áńpù sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun bí arúgbó tí òtútù mú, ọwọ́ bàbá náà ò sì wálẹ̀. Bí ojú ṣe tì mí tó, tí ilẹ̀ bá lanu, ǹ bá wọlẹ̀.

Nígbà tó padà dé, ó béèrè pé, "Ta ló ta á fún ọ ní ṣọ́ọ̀bù?"

"Oníṣọ́ọ̀bù ni, sà."

"Níbo ló gbé e sí?"

"Kọ̀rọ̀ ògiri, sà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀ nù. "Ògiri ló ń bá a sọ̀rọ̀! Béèsì tó bá wà ní kọ̀rọ̀, bí ẹkùn ló máa ń ké. Ògiri wo lo fẹ́ gbé lọ sí Owódé?" Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀. "Kí ló dé tí ìwọ fúnra rẹ ò ta á?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà. Ó ní, "Ẹni tó bá rán ẹlòmíràn lọ tọ́ ọbẹ̀ wò, kó má bínú sí iyọ̀."

Sátidé, òun àti èmi la jọ lọ. Ṣùgbọ́n bí a ṣe dé ẹnu ọ̀nà, kò wọlé. Ó ní òun fẹ́ na ẹsẹ̀. Àwọn oníbẹ́ǹṣì wà níbẹ̀ bí ẹni tí kò lọ sílé látọjọ́ yẹn. Mo kí wọn, mo sì bá oníṣọ́ọ̀bù sọ̀rọ̀ kí ẹ̀rù tó rántí mi: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ìkejì yìí kúrò lára ògiri. Ẹ gbé e sẹ́nu ọ̀nà, kó kọjú sí títì. Èmi ni màá ta á." Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì gbé e.

Mo jókòó. Ìka mi ṣìnà lẹ́ẹ̀kan, ọkùnrin tó pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́sí ní, "Àǹtí, ẹ rọra o, ẹ má já okùn olókùn!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo dijú. Mo rántí igi wọ́dúróòbù lẹ́rẹ̀kẹ́ mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ orin tá a fẹ́ kọ ní Owódé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohùn náà gba ìdí àga wọ inú ẹsẹ̀ mi. Nígbà tí mo lajú, ọ̀gá akọrin ti sọdá títì. Ó kọjá ọ̀dọ̀ ẹni tó ń sun àgbàdo, ó kọjá ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà, ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn bí ẹni tó ń wo oko. Ọlọ́kadà kan tó ń dúró de èrò bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí sí orin mi. Ọ̀kan nínú àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ní, "Ẹ gbà mí o, àǹtí yìí ń sọ̀rọ̀!" Bàbá dé ibi afárá kékeré lọ́hùn-ún, ó dúró, kò sì na ọwọ́.

Oníṣọ́ọ̀bù ò fẹ́ kí àǹfààní náà lọ bẹ́ẹ̀. Ó lu orí ìkẹta pẹ̀pẹ̀. "Tí ọmọ bá ń dún báyìí, ẹ wá gbọ́ ti bàbá rẹ̀."

Ọ̀gá akọrin ti padà dé. Ó ní, "Gbé e dé títì."

"Ta ni, sà?"

"Ìwọ ni."

Mo gbìyànjú. Mi ò lè gbé ìkẹta yẹn kọjá orúnkún mi. Mo wá gbá ìkejì mọ́ra, mo gbé e, mo sinmi lẹ́ẹ̀kan, òógùn bò mí, ṣùgbọ́n mo gbé e dé títì. Ọ̀gá akọrin mi orí. "Ohun tí o ò bá lè dá gbé, ẹni tó ń bá ọ gbé e ló ni ín. Ọjọ́ tí kò bá yọjú, ìwọ náà ò lọ síbi kankan." Ìkejì yẹn náà ní ihò íàpíìsì, nítorí náà yóò bá mi gbé nínú yàrá láìjà pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Mo dá kékeré padà, mo fi owó tí mo ti ń tọ́jú láti ìgbà aṣọ ọdún kún èyí tí mo ti san, oníṣọ́ọ̀bù sì fi wáyà kan ṣe èènì fún mi.

Ìkórè Owódé bọ́ sí ọjọ́ tí oòrùn mú. Iṣu àti àgbàdo àti ọsàn pọ̀ níwájú àlùfáà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ kánópì bí ìgbà tí wọ́n ń gbọn aṣọ, kò sì sí ògiri kan ṣoṣo nítòsí. Nínú orin àkọ́kọ́, ìka mi nìkan ni mò ń wò. Nínú orin kejì, mo gbójú sókè wá ọ̀gá akọrin. Mo rí i lọ́nà jíjìn, nídìí igi kaṣú tí wọ́n gbé ọ̀kadà sí, lẹ́yìn gbogbo èèyàn. Ọwọ́ rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ojú mi ò kúrò lára ọwọ́ yẹn mọ́. Nígbà tí a dé orin ìkẹyìn, ó ṣàdédé na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ìka mi fẹ́ dúró. Àfi ìgbà tí mo rí i tí bàbá náà tẹ̀ síwájú, tó yí ìdí lẹ́ẹ̀kan, tó tún yí i. Ijó ló ń jó.

Bí a ṣe ń tú wáyà, sístà nọ́ọ̀sì gbá mi léjìká. "Ìkórè ti Kọ́bapẹ́ ku ọ̀sẹ̀ méjì. Má pẹ́ o." Ó wá di ẹ̀rín láàárín wa pé lẹ́yìn Owódé, ìlú bọ̀dá tó ní áńpù tiẹ̀ yẹn gan-an la kọ́kọ́ jọ lọ.

Áńpù náà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọ́dúróòbù mi, etí awọ rẹ̀ ti bó díẹ̀ nítorí gbígbé tí mò ń gbé e lórí ọ̀kadà. Lọ́jọ́ kan, Àlájà ṣílẹ̀kùn rí mi tí mo ki íàpíìsì sétí, tí mò ń mi orí nínú ìdákẹ́rọ́rọ́. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, yọ nǹkan etí yẹn jàre. Ìwọ nìkan kọ́ ló ń gbé ilé yìí, jẹ́ káwa náà gbọ́." Mi ò lè sọ pé ìtìjú mi ti tán. Kò tán. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ báyìí pé ibi ìsápamọ́ ni mo lọ rà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, mo sì dúpẹ́ pé ó ṣeé pààrọ̀. Tí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀ níbi tí èrò pọ̀ sí lónìí, ìbáà ṣe ní ìpàdé àwa aránṣọ, mo máa ń wá ẹni tó jìnnà sí mi jù lọ, mo sì máa ń wo ọwọ́ rẹ̀.