Ṣeunfúnmi Kì Í Ṣe Ọmọ Yín, Mà

Ibà pa Ṣeunfúnmi lọ́sẹ̀ tó kọjá, nínú ilé ìwòsàn aládàáni kan n'Ígàndó. Ẹ má rò pé wọ́n dá a dúró síbẹ̀ láti tọ́jú rẹ̀ o. Nọ́ọ̀sì ni níbẹ̀. Abẹ́ àtẹ̀gùn tó máa ń sùn ló kú sí, nítorí pé oníbàárà ni bẹ́ẹ̀dì wà fún, kódà bó ṣófo. Ẹja kú sínú omi, òùngbẹ ló pa á. N kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà. Ẹ̀rù kò bà mí. Olóòtú ìwé ìròyìn yìí ni ẹ̀rù ń bà.

Abúlé kan náà l'Ékìtì ni wọ́n ti bí èmi àti Ṣeunfúnmi, ilé ẹ̀kọ́ kan náà la lọ, èyí tí ewúrẹ́ máa ń wọ kíláàsì ṣáájú tíṣà. Láti kékeré ni Ṣeunfúnmi ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Kò sí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò gún lábẹ́rẹ́ lẹ́yìnkùlé wọn. Ó fi báńdéèjì di ẹsẹ̀ àkùkọ kan rí, àkùkọ náà sì ń tiro kiri bí olóyè, bẹ́ẹ̀ kò ní egbò kankan.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ bá a kó gún mi lábẹ́rẹ́.

"Má wo abẹ́rẹ́," ó ní. "Ojú mi ni kó o máa wò."

Mo wo ojú rẹ̀. Ó ti sùn lọ! Orí ìdúró ló ti sùn lọ, ó di apá mi mú, abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì. Ta ni kí n bínú sí? Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, tó tún ń fọ aṣọ ọ̀gá rẹ̀?

Ẹ dákun, mo ṣì í sọ. Kò sí ọ̀gá níbẹ̀. Ìyá ló wà. Ìyá Charles tó ni ilé ìwòsàn náà kì í gba òṣìṣẹ́. Ọmọ ló ń gbà. Bí o bá béèrè owó oṣù, á ní, "Ṣé ọmọ ń gbowó oṣù lọ́wọ́ ìyá ẹ̀ ni?" Bí o bá fẹ́ lọ kí ará ilé, "Ilé wo ló tún kù lẹ́yìn ilé ìyá ẹ?" Fóònù àwọn nọ́ọ̀sì ń bẹ lọ́dọ̀ rẹ̀, kí àwọn ọmọkùnrin Ìkòtún má baà tan àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ. Charles tó bí gan-an ńkọ́? Ta ló ti rí Charles pẹ̀lú póò aláìsàn lọ́wọ́ rí? Àwọn baba ńlá wa tó ń fi ènìyàn ṣe ìwọ̀fà, ìwọ̀fà náà ni wọ́n pè é. Wọn kò pè é lọ́mọ.

Èmi àti àbúrò bàbá Ṣeunfúnmi, Alàgbà Olúwaníyì, lọ sọ ọjọ́ ìsìnkú fún Ìyá Charles. Ẹkún ló fi pàdé wa.

"Ọmọ mi lọ! Háà, ọmọ tí mo fẹ́ràn jù!"

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà," Alàgbà ní. "Sátidé la máa sin ín, n'Íṣẹ̀rí-Olófin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa débẹ̀."

Ẹkún gbẹ lójú ẹsẹ̀. "Bàbá, ẹ̀yin náà mọ àṣà. Ìyá kì í débi tí wọ́n ti ń sin ọmọ ẹ̀. Èèwọ̀ ni."

Alàgbà ranjú. "Ta ló bí i?"

"Ọlọ́run ló bí i. Èmi ni mo tọ́ ọ."

"Ó dáa jàre," mo ní. "Ẹ fún wa ní fóònù ẹ̀."

"Fóònù ọmọ kẹ̀? Ìyá ló ń bá a tọ́jú ẹ̀!"

Ìyá tó rọbí Ṣeunfúnmi wà l'Ékìtì o. Ó jókòó sórí ẹní, àṣà dè é mọ́lẹ̀, kò lè wá wo ojú ọmọ rẹ̀ kẹ́yìn. Ìyá Charles jí ọmọ obìnrin náà tán, ó tún jí èèwọ̀ rẹ̀.

Bá a ṣe ń jáde, Mardiyah, nọ́ọ̀sì mìíràn níbẹ̀, sáré tẹ̀ lé wa dé ẹnu géètì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sọ fún bàbá mi ní Àkúrẹ́, nọ́ńbà wọn nìyí, kí wọ́n wá mú mi. Mi ò fẹ́ kú síbí."

"Ọmọ mi!" ìyá pariwo láti inú ilé. "Wọlé o, atẹ́gùn á fẹ́ ẹ!"

Ẹ̀ṣọ́ ti géètì pa.

Ẹ̀yin tí ìjọba ní kẹ́ ẹ máa yẹ ilé ìwòsàn wò, wọ́n ní ẹ débẹ̀ lọ́dún yìí. Ẹ yẹ fìríìjì wò, ẹ yẹ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wò, ẹ mu mọ́ọ̀tì tútù. Ṣé ẹ kò rí ẹní tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ni? Àbí ẹ rò pé ológbò ló ń sùn síbẹ̀?

Ẹ mú Ìyá Charles lọ síwájú adájọ́, kó wá ṣàlàyé ikú Ṣeunfúnmi. Kóòtù kì í ṣe ibojì. Kò sí èèwọ̀ tó ní kí ìyá má débẹ̀. Àmọ́ kó tó dìgbà yẹn, ẹ lọ pe Mardiyah àti àwọn tó kù jáde síta, kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ lọ. Kí àwọn fúnra wọn dáhùn, kì í ṣe ìyá wọn. Mo ti jíṣẹ́ fún bàbá Mardiyah. Ọjọ́ Ajé ló ń bọ̀ láti Àkúrẹ́. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ òun nìkan ni yóò dúró lẹ́nu géètì.