Abọ́ Dídán Tí Mo Gbé Fún Ìyá Mi

Bí atẹ́gùn bá fẹ́ láti apá àwọn ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà, òórùn ọṣẹ ló máa ń kọ́kọ́ dé kíláàsì wa, ti rọ́bà tó ń jóná á wá tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá gbé apá ibẹ̀ rí yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Ayé àwọn ṣọ́jà ni, gbogbo èèyàn ń pe SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, bí ẹni ń pe orúkọ àrùn. Àwọn ilé iṣẹ́ ń tì pa lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan ti bàbá mi, wọ́n wá jókòó sílé. Ilé ẹ̀kọ́ wa náà ò ní nǹkan kan. Nítorí náà, nígbà tí tíṣà iṣẹ́ ọnà àti tíṣà kẹ́mísìrì ní kí a mọ abọ́ amọ̀, kí a sì fúnra wa po ọ̀dà dídán tí yóò yọ́ mọ́ ọn lára nínú iná, wọ́n ní kí kálukú wá ohun tó bá rí: ìgò fífọ́, eérú, èèpo ẹyin.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó ni wọ́n pa pọ̀. Àṣehàn ni àìsàn tèmi nígbà yẹn. Mo mọ ibì kan lẹ́yìn ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bátìrì ọkọ̀ kí wọ́n tó tì í, ìyẹ̀fun kan tó dà bí eérú wà lórí ààtàn níbẹ̀. Mo bù ú sínú ọ̀rá, mo sì fọwọ́ lásán pò ó mọ́ ìgò tí a gún, a fi kun abọ́ wa méjèèjì. Nígbà tí a kó abọ́ kúrò nínú iléru, tiwa méjèèjì ń dán yinrinyinrin, ti àwọn yòókù rí ṣákíṣákí. Tíṣà iṣẹ́ ọnà ní kí abọ́ kankan má kúrò nílé ẹ̀kọ́ títí di ọjọ́ àfihàn, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ìyá mi rí tèmi. Mo tì í bọ inú báàgì, ó di ilé wa ní Agége.

Oyún ìyá mi ti pé oṣù méje. Abọ́ náà wù wọ́n débi pé wọ́n sọ ọ́ di abọ́ àgbo. Omidùn, omi orí ògì tó ti kan dáadáa, ni wọ́n fi ń rẹ àgbo aboyún sínú rẹ̀ lálẹ́, wọn á sì mu ún láàárọ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin, tíṣà kẹ́mísìrì to àwọn abọ́ sórí tábìlì. Wọ́n ti fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú wọn láti àná. Wọ́n wá ń kán kẹ́míkà kan tí kò láwọ̀ sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, àfi ìgbà tí wọ́n dé orí abọ́ ọ̀rẹ́ mi. Omi ọsàn náà yí padà lójijì, ó dà bíi pupa ẹyin.

"Òjé nìyí," ni tíṣà wí. "Ta ló bu nǹkan bátìrì sí èyí? Kẹ́nikẹ́ni má fi jẹun o. Ohun kíkan máa ń fa májèlé yìí jáde."

Ọ̀rẹ́ mi wò mí. Mo na ọwọ́ sókè: "Sà, tó bá jẹ́ aboyún ló mu ún ńkọ́?"

Wọ́n rò pé ìbéèrè olóye ni. "Háà, ìyẹn ló burú jù. Ó lè ba ọpọlọ ọmọ inú jẹ́."

N kò tọrọ àyè. Ihò ara fẹ́ǹsì ni mo gbà jáde. Epo ti wọ́n láti bí ọ̀sẹ̀ kan, bọ́ọ̀sì ò sí, mo bá sáré tọ ojú irin láti Ìkẹjà dé Agége. Mo ti sáré fún ajá rí, mo ti sáré fún ṣọ́jà rí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọjọ́ yẹn yàtọ̀, nítorí ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é. Mò ń sunkún, mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n ti gbàgbé láti mu tòní.

Wọ́n ti mu ún tán. Mo gbé abọ́ náà, mo là á mọ́lẹ̀.

"Ṣé orí ẹ pé báyìí?" ìyá mi pariwo.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, mo sì ń retí ìgbájú. Wọ́n gbé ọwọ́ lé ikùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbá ọwọ́ mi mú. "Ìwọ tó o fọwọ́ pò ó ńkọ́? O ò fi kan ẹnu?" Wọ́n fi ọṣẹ àti kànrìnkàn fọ ọwọ́ mi títí ó fi ń ta mí. Lọ́jọ́ kejì a lọ sí ọsibítù ìjọba, àwọn dókítà sì ti daṣẹ́ sílẹ̀.

Ọkùnrin ni wọ́n bí. Ọmọ náà lé lọ́dún mẹ́ta, kò tíì sọ̀rọ̀. Mo máa ń wo ẹnu rẹ̀ ṣáá, mò ń retí ọ̀rọ̀. Bí ará ilé bá béèrè, ìyá mi á rẹ́rìn-ín: "Bàbá ẹ̀ ló fi jọ. Wọ́n pé ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó sọ̀rọ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo dì mú. Àbúrò mi sọ̀rọ̀ nígbẹ̀yìn, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lónìí. Ó kàn máa ń pẹ́ kó tó dáni lóhùn, n kò sì mọ̀ títí di òní bóyá ìwà ni àbí abọ́ yẹn.

Lẹ́yìn tí ìyá mi kú, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀rọ̀ kan àbúrò mi, mo ní ṣebí bàbá wa náà pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá yín kẹ̀? Kó tó hu eyín tán ló ti ń bú àgbà!"

N kò lè bá wọn rẹ́rìn-ín. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ń bẹ̀rù, ìyá mi náà ń bẹ̀rù. Wọ́n kàn fi irọ́ yẹn gba ẹ̀rù tèmi mọ́ tiwọn ni.