Ọjọ́ Tí Alhaja Kọ́kọ́ Da Màlúù

Alihamudulilahi. Kí n tó sọ ohunkóhun, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi ní ẹsẹ̀ tó ń rìn àti ọkàn tó ń rántí, tó tún fún mi ní ẹni bí ìwọ tí mo lè ro ọ̀rọ̀ yìí fún. Òórùn koríko ló máa ń gbé e padà wá bá mi. Tí mo bá ń kọjá ní pápá Peckham Rye, ní London níbí, lẹ́yìn tí wọ́n gé koríko, tí oòrùn sì ti pa á díẹ̀, ẹsẹ̀ mi á dúró fúnra rẹ̀, imú mi á sì máa wá òórùn ìgbẹ́ ẹṣin tó yẹ kó tẹ̀ lé e.

Ilé ẹṣin kékeré kan wà nígbà náà lẹ́yìn ojú irin, lọ́nà Nunhead, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ará àdúgbò bí wọ́n ṣe ń gun ẹṣin. Àìfarabalẹ̀ ló gbé mi débẹ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe, mo sì ti pààrọ̀ ibi iṣẹ́ débi pé Mọ́mì mi kì í bi mí mọ́ pé báwo ni iṣẹ́. Ohun tí wọ́n máa ń bi mí ni pé, “Ibo lo tún wà báyìí?” Tí mo bá jókòó, ẹsẹ̀ mi á máa gbọ̀n. Tí mo bá kírun tán, tẹ̀sùbáà mi kò ní tíì dé ìdajì tí n ó ti máa fojú wá bàtà. Orí ẹṣin nìkan ni mo ti ń rí ìsinmi díẹ̀. Ọjọ́ tí mo sọ fún Mọ́mì, wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀. “Ìwọ tó o parí kéwú, lórí ẹṣin! Hìjáábù yẹn ńkọ́, ṣé ẹṣin ló máa bá ẹ wé e?” Mo ní abẹ́ akoto ni yóò wà. Wọ́n ní, “Ó dáa. Ṣáà má gùn ún wá sínú fúláàtì mi.”

Abo ẹṣin pupa kan wà níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó fẹ́ gùn ún. Funfun bo ojú rẹ̀ láti iwájú orí dé imú, bí obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé tó da ìborùn borí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní Alhaja. Kì í dúró sójú kan. Láti ògiri dé ògiri ló máa ń rìn, tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ ibùsùn rẹ̀ fi jin bí ojú ọ̀nà. Ohunkóhun tó bá mira, ẹyẹlé ni o, ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ ń gbé ni o, yóò fi ojú àti etí tẹ̀ lé e. Ó ń dẹ́rù ba àwọn ọmọdé. Èmi nìkan ló ń gbà láyè, bóyá nítorí pé ọ̀kan náà ni ohun tó ń ṣe àwa méjèèjì.

Nígbà tó yá, àwọn tó ni ilẹ̀ fẹ́ gba ilẹ̀ wọn. Gbogbo ẹṣin yòókù rí ibi lọ, ó ku Alhaja. Olùkọ́ wa, ará Jàmáíkà kan tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Ìyá àgbẹ̀ kan wà ní Kent,” ni wọ́n sọ, “ẹṣin tó fi ń da màlúù ti kú. Ó ní òun máa wo Alhaja, ẹ̀ẹ̀kan péré.” Mo ní tí kò bá wù wọ́n ńkọ́? Àǹtí wolẹ̀. “Dókítà ẹranko á fún un lábẹ́rẹ́, yóò sì sùn, kò ní jí mọ́. Ìwọ lo máa gùn ún o.” Èmi tí n kò súnmọ́ màlúù rí, àfi èyí tó wà nínú ọbẹ̀!

Èmi àti Àǹtí la jọ gbé e lọ; ní gbogbo ọ̀nà ni mò ń gbọ́ tí pátákò Alhaja ń kan ilẹ̀ ọkọ̀ lẹ́yìn wa. Pápá náà tutù, ẹrẹ̀ kún ibẹ̀. Iṣẹ́ náà kò le lẹ́nu: kí á kó agbo ẹgbọrọ màlúù kan gba géètì kọjá sí pápá kejì. Ìyá àgbẹ̀, arúgbó tín-ín-rín kan tó wọ bàtà rọ́bà, dúró lẹ́bàá géètì. “Má lé wọn,” ni wọ́n sọ. “Súnmọ́ wọn, wọ́n á ṣípò. Tí wọ́n bá ti ṣí, fún wọn láyè.” Mo ṣe àdúà ẹni tó fẹ́ gun ẹran, mo gùn ún. Bí Alhaja ṣe rí màlúù, gbogbo ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ mi. “Alhaja, ẹ jọ̀ọ́,” mo ní, “ẹ má dójú tì mí níwájú òyìnbó.” Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó dúró. Ó tún gbé òmíràn. Màlúù tó wà lẹ́yìn pátápátá yí padà, èkejì tẹ̀ lé e, kí n tó mọ̀, gbogbo wọn ti dojú kọ géètì. Mo fa ìjánu, a fún wọn láyè.

Ìgbà yẹn gan-an ni ìyá àgbẹ̀ rìn wọ pápá wá bá mi, tí wọ́n ń sọ nǹkan kan. Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Àgbàlagbà tó lè bí ìyá mi dúró sílẹ̀, ó ń gbójú sókè bá mi sọ̀rọ̀, kí èmi jókòó sókè máa dá a lóhùn? N kò tiẹ̀ rò ó. Mo bọ́ sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ díẹ̀ nínú ẹrẹ̀ níbẹ̀. Ojú ìyá náà là rangandan. “Kí lo sọ̀ kalẹ̀ wá ṣe? Padà sókè!” Àǹtí ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ohun tí wọ́n ń bọ̀ wá sọ ni pé kí n má dúró.

Àwọn màlúù rí èèyàn nílẹ̀, wọ́n tú ká. Ọ̀kan, dúdú, alágídí, gba ẹ̀gbẹ́ wa sá lọ sí ìsàlẹ̀ pápá, àwọn yòókù sì ti ń múra láti bá a lọ. Mo rò lọ́kàn pé mo ti pa Alhaja. Mo na ọwọ́ sí ìjánu, ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹṣin ti lọ. Mo ṣebí ó ń sá ni. Àṣé màlúù dúdú yẹn ló ń lé. Ó gba iwájú rẹ̀, ó da etí sẹ́yìn, ó dúró. Màlúù yà sọ́tùn-ún, Alhaja yà. Màlúù yà sósì, Alhaja ti débẹ̀. Bó ṣe máa ń lọ bọ̀ láàárín ògiri méjì gẹ́lẹ́ ni. Nígbà tó rẹ màlúù, ó rọra padà sáàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo sáré gba inú ẹrẹ̀, mo tún gun Alhaja, a kó gbogbo wọn gba géètì kọjá.

Ìyá àgbẹ̀ ti géètì, wọ́n fọwọ́ pa Alhaja lọ́rùn. “Ó ti pẹ́ tí èyí ti ń wá iṣẹ́,” ni wọ́n sọ. Wọ́n wá kọjú sí mi. “Ìwọ, lọ fọ ẹsẹ̀ rẹ, tíì wà nínú ilé. Ẹṣin yìí ò padà sí London mọ́.”

Ọkọ̀ òfìfo la gbé wálé. Mo sunkún ní ọ̀nà, n kò lè sọ bóyá ayọ̀ ni tàbí àdánù. Ohun tí gbogbo wa kà sí àìsàn lára ẹranko yẹn, àìríṣẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni èmi náà fi orí kanlẹ̀, tí mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó mú àìfarabalẹ̀ yìí kúrò lára mi. N kò bẹ̀ Ẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ara mi kò tíì balẹ̀ títí di òní. Lánàá gan-an mo tún ń wo ibi iṣẹ́ mìíràn. Àmọ́ ohun tí mò ń tọrọ báyìí ni pé kí Ó fi ohun tí Ó tìtorí rẹ̀ dá àìfarabalẹ̀ yìí mọ́ mi hàn mí, kí n sì lè dá a mọ̀ tó bá dé.

Ìwọ tó ń ka èyí, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí wọ́n pe ẹ̀bùn rẹ ní àìsàn. Yóò gbé ọ dé pápá tí ẹsẹ̀ rẹ ń wá, kó tó rẹ̀ ọ́. Àmín.