Ìgò Tí Ìyá Mọ́níní Fọ̀

Ìyá Mọ́níní la máa ń pe opó tó ń ta omi kànga ládùúgbò wa. Bí o bá yá abọ́ rẹ̀, tí o fọ̀ ọ́ kí o tó dá a padà, yóò tún un fọ̀ lójú rẹ, pẹ̀lú bílíìṣì tí àwọn ẹlòmíràn fi ń fọ aṣọ funfun. Mo ní kó rọra ná an. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìdọ̀tí wọ́n jù ú lọ."

Omi yẹn ló fi ń gbọ́ bùkátà ara rẹ̀ àti ti ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀.

Òjò ọdún yẹn pọ̀. Àgbàrá gba orí ṣáláńgá kọjá wọ àgbàlá. Kò pẹ́, àwọn ọmọ aránbàtà tó múlé tì í bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru. Wòlé-wòlé dé, ó fún Ìyá Mọ́níní ní ìgò kékeré kan.

"Ìyá, ẹ bu omi kànga sí i lọ́la, kí ẹ gbé e wá fún àyẹ̀wò. Ẹ má fọwọ́ kan inú rẹ̀ o."

"Èmi lẹ ń kọ́ ní ìmọ́tótó?"

Èsì jáde: wọn ò rí kòkòrò àrùn kankan. Ìyá Mọ́níní dúró lẹ́nu ọ̀nà aránbàtà, ó ní, "Ẹ lọ wo ìkòkò ọbẹ̀ yín dáadáa! Kànga mi ò lẹ́bi." Gbogbo wa padà sídìí omi tútù. Ta ni yóò máa sun gáàsì nítorí omi tí wọ́n ti ní ó mọ́?

Àfi bí ọmọ ọmọ rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ èébì. Kí n tó wakọ̀ gbé wọn dé ilé ìwòsàn, ojú ọmọ náà ti jìn wọnú. Adìyẹ bà lókùn: ara ìyá àgbà ò rọ̀, ara èmi náà ò rọ̀. Nọ́ọ̀sì béèrè irú omi tí wọ́n ń mu.

"Omi kànga," ni mo dá a lóhùn. "Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó mọ́."

Nọ́ọ̀sì po omi oníyọ̀ àti ṣúgà, ó gbé ife kan fún Ìyá pé kó máa fi fún ọmọ mu. Ìyá fa bílíìṣì yọ nínú báàgì.

"Ìyá! Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Ife ni mo fẹ́ fọ̀. Bí mo ṣe ṣe ìgò wòlé-wòlé náà nìyẹn. Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn án, mi ò sì fọwọ́ kàn án. Bílíìṣì ni mo rọ sí i, mo mì ín, mo dà á nù, mo bu omi sí i."

Nọ́ọ̀sì gba bílíìṣì lọ́wọ́ rẹ̀. "Bílíìṣì tó ṣẹ́kù nínú ìgò ló pa kòkòrò inú omi tí ẹ bu. Ìyá, àwọn tó wà nínú kànga ṣì wà níbẹ̀."

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Èmi fúnra mi ti mu omi náà láàárọ̀ yẹn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi lọ sọ fún wọn. Bí èmi bá sọ ọ́, ta ni yóò tún ra omi lọ́wọ́ mi?"

"Bí ẹ ò bá sọ ọ́, ta ni yóò kù tí yóò rà á? Ẹnu tó ní ó mọ́ ni kó lọ sọ pé kò mọ́. Nọ́ọ̀sì á dúró ti ọmọ. Ẹ wọ ọkọ̀."

Bí a ṣe délé, Ìyá ti kànga pa, ó sì kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn aránbàtà. Aránbàtà gbọ́ àlàyé rẹ̀ dópin.

"Ìkòkò ọbẹ̀ wa ńkọ́, Ìyá?"

"Ó tọ́ sí mi. Ẹ fi mí ṣẹ̀sín lọ́la. Ṣé ẹ ti pọn tòní?"

"A ti pọn ọ́n."

"Àwọn ọmọ ti mu ún?"

Aránbàtà ti sáré wọlé.

Ojúlé dé ojúlé la gbà. Wòlé-wòlé fúnra rẹ̀ ló bu omi sínú ìgò kejì. Ìyá káwọ́ sẹ́yìn. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n rí kòkòrò náà.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ ti padà sílé, ó rù, àmọ́ ó ń jẹun. Kànga ṣì wà ní títì. Bí omi bá ń hó lórí iná, tí ìdérí ń jó lórí ìkòkò, Ìyá Mọ́níní kì í pa á. Gáàsì ń lọ, mo ń wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ti hó?"

"Ó ti hó."

"Ẹ tún wò ó fún mi."